Ibo Ni A Ó Máa Da Pàǹtírí Sí Ní Ogún Ọdún Sí Òní?

Ẹ̀yin ìyá wa ní Igbó-Ọrà àti ní gbogbo ilẹ̀ Ìbàràpá, bí ẹ bá jí ní òwúrọ̀, tí ẹ gbálẹ̀ yàrá, tí ẹ gbálẹ̀ ọ̀ọ̀dẹ̀, tí ẹ sì kó pàǹtírí sínú apẹ̀rẹ̀ tàbí garawa tí ó ti lu, ọmọ ni ẹ sábà máa ń pè pé kí ó lọ dà á nù. Ọmọ náà yóò gbé e lọ, yóò sì padà dé láìpẹ́. Ibo ni ó dà á sí? Ọ̀pọ̀ nínú wa kì í béèrè. Bí ó bá ti kúrò lójú wa, a gbà pé ó ti tán. Kò tán. Ó wà níbì kan, bóyá lẹ́yìn ògiri ilé ẹ̀kọ́, bóyá nínú gọ́tà, bóyá ní etí odò, ó sì lè gba inú omi tí à ń mu padà wá bá wa. Nítorí ìyẹn ni ìwé yìí, tí ẹ mọ̀ mọ ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ àjẹsára, ọmú fífún ọmọ àti oúnjẹ aboyún, ṣe fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ ààtàn lónìí.

Ní ayé àwọn ìyá wa àgbà, agbo ilé kọ̀ọ̀kan ní ààtàn tirẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé. Kí ni wọ́n ń dà síbẹ̀? Èèpo iṣu, èèpo ẹ̀gẹ́, eérú, ewé tí wọ́n fi pọ́n ẹ̀kọ, igbá tí ó fọ́, àkísà òwú. Bí a bá yọ àpáàdì ìkòkò kúrò, gbogbo rẹ̀ ni ilẹ̀ ń jẹ tán. Ẹni tí ó bá ti gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ tàbí ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ sí orí ààtàn àtijọ́ rí mọ bí ó ti máa ń ṣe dáadáa tó. Ààtàn wọn kì í tètè kún. Kì í ṣe pé wọ́n ní ilẹ̀ jù wá lọ nìkan; ohun tí wọ́n ń dà nù ni ó yàtọ̀ sí tiwa.

Lónìí, ọ̀rá omi, ọ̀rá búrẹ́dì, ike, agolo, bátìrì, àfọ́kù ìgò àti pámpásì ọmọ ni ó kún inú garawa wa. Ọ̀rá tí ọmọ yín fi mu omi ní òwúrọ̀ yìí lè wà nínú ilẹ̀ títí ọmọ náà yóò fi di bàbá àgbà, kí ó má sì tíì jẹrà.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò ó. Nínú ìwé tí Báńkì Àgbáyé tẹ̀ jáde ní ọdún 2018, wọ́n fojú bù ú pé ẹnì kọ̀ọ̀kan ní apá gúúsù aṣálẹ̀ Sàhárà ní ilẹ̀ Áfíríkà ń da pàǹtírí tí ó tó 0.46 kìlógíráàmù nù lójúmọ́. Kò tó ìdajì kìlógíráàmù, kò sì dà bí ohun tí ó yẹ kí ènìyàn torí rẹ̀ pariwo. Ṣùgbọ́n ilé tí ó ní ènìyàn 8 yóò da nǹkan tí ó lé ní 1,300 kìlógíráàmù nù lọ́dún kan, ìyẹn ni pé yóò wúwo tó àpò sìmẹ́ǹtì 26. Ìkànìyàn ọdún 2006 fi hàn pé àwọn ènìyàn tí ń gbé ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Ààrin-Gbùngbùn Ìbàràpá, tí Igbó-Ọrà jẹ́ olú-ìlú rẹ̀, lé ní 100,000. A sì ti bí ọ̀pọ̀lọpọ̀ sí i láti ìgbà náà. Bí a bá fi 100,000 yìí ṣe ìṣirò, pàǹtírí ọdún kan yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 17,000 tọ́ọ̀nù. Bí a bá kó gbogbo rẹ̀ sórí pápá bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo, tí katapílà sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ dáadáa, yóò ga tó mítà 4, ó ga ju àjà ilé yín lọ. Bí a kò bá tẹ̀ ẹ́, tí a kàn ń dà á lé ara wọn, gíga rẹ̀ lè tó ìlọ́po méjì ìyẹn. Ọdún kan péré ni a sọ yìí o. Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, a ó tún nílò pápá mìíràn.

Ìdí nìyí tí a fi ní láti máa wo ààtàn bí a ti ń wo àmù omi. Àmù ní ìwọ̀n. Ìyàwó ilé tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í dúró di ìgbà tí àmù bá gbẹ kí ó tó mọ ibi tí yóò ti pọn omi. Ààtàn ní tirẹ̀ kì í gbẹ, kíkún ni í kún. Ìlú tí kò bá sì mọ ibi tí òmíràn wà kí ti àkọ́kọ́ tó kún, ojú títì àti odò ni yóò sọ di ààtàn.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Ìbàdàn, olú-ìlú ìpínlẹ̀ wa, yẹ kí ó yé wa dáadáa. Ibi mẹ́rin ni a mọ̀ sí ààtàn ìjọba níbẹ̀: Lápité, Awótán, Ajákàngà àti Abà-Èkú. Nígbà tí a ń lò wọ́n bọ̀ láàárín àwọn ọdún 1990, ẹ̀yìn ìlú ni wọ́n wà, igbó ni ó yí wọn ká. Ìlú ni ó rìn lọ bá wọn. Ẹni tí ó bá dé Awótán, lọ́nà Apẹ̀tẹ̀, lónìí yóò rí ilé tí ènìyàn ń gbé, tí ọmọ ń ṣeré lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, nítòsí òkè pàǹtírí. Àwọn onímọ̀ ti yẹ omi kànga agbègbè àwọn ààtàn wọ̀nyí wò ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, wọ́n sì ti rí àmì pé ìdọ̀tí ààtàn ń wọ inú kànga. Àwọn tí ó kọ́lé síbẹ̀ kò ya aṣiwèrè o. Ilẹ̀ ibẹ̀ ni owó wọn ká, kò sì sí ẹni tí ó fi ààlà sílẹ̀ yí ààtàn náà ká nígbà tí ilẹ̀ ṣì ṣófo.

Ní ti odò, ẹ̀yin àgbà rántí omíyalé Ògùnpa ti ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980. Àwọn ọmọ yín rántí ti ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011. Ní ìgbà méjèèjì, ẹ̀mí tí ó bá a lọ lé ní 100. Òjò pọ̀ lóòótọ́, ilé sì wà ní etí odò, ṣùgbọ́n pàǹtírí tí ó dí ojú odò àti abẹ́ afárá wà lára ohun tí kò jẹ́ kí omi rí ọ̀nà lọ. Lẹ́yìn èkejì ni ìjọba yá 200 mílíọ̀nù dọ́là lọ́wọ́ Báńkì Àgbáyé fún iṣẹ́ àtúnṣe tí wọ́n fọwọ́ sí ní ọdún 2014. Ṣíṣe ètò ọjọ́ iwájú fún pàǹtírí ìlú Ìbàdàn sì wà lára iṣẹ́ náà. Ètò yẹn ìbá wọ́n níwọ̀nba ká ní a ṣe é kí omi tó dé.

Bí ààtàn bá kún, tí a kò sì rí ibòmíràn lọ, tí a wá ń dà á lé ara wọn ṣáá, ó lè pani lójijì pẹ̀lú. Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹjọ ọdún 2024, ààtàn Kiteezi tí ó wà lẹ́bàá Kampala, olú-ìlú Uganda, wó lẹ́yìn òjò ńlá, ó sì bo ilé àwọn tí ń gbé nísàlẹ̀ rẹ̀. Ènìyàn tí ó lé ní 30 ni ó kú. Ọdún 1996 ni wọ́n ti ń lò ó, wọ́n sì ti mọ̀ pé ó ti kún tipẹ́ kí ó tó wó.

Igbó-Ọrà kò tíì dé ibi tí Ìbàdàn tàbí Kampala dé. Ilẹ̀ ṣì wà. Ó ṣì ṣeé ṣe láti yan ibi tí ó dára kí ilé tó dé ibẹ̀.

Kí ni ibi tí ó dára? Ààtàn tí a fi ọgbọ́n ṣe yàtọ̀ sí ibi tí ọkọ̀ kàn ń lọ da pàǹtírí sí. Kí a tó da nǹkan kan síbẹ̀, a ó kọ́kọ́ fi amọ̀ tẹ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀, a ó sì tẹ̀ ẹ́ títí yóò fi dì bí ìdí ìkòkò. Ìdí ni pé bí òjò bá rọ̀ sórí pàǹtírí, omi náà á gba inú rẹ̀ kọjá, á fọ gbogbo ohun tí ó bá níbẹ̀, á sì sun jáde nísàlẹ̀ ní dúdú, pẹ̀lú òórùn búburú. Ẹ jẹ́ kí a pè é ní omi ààtàn. Bí ìdí ààtàn bá dì, omi yìí yóò ṣàn lọ sínú kòtò tí a gbẹ́ fún un, níbi tí a ti lè tọ́jú rẹ̀. Bí kò bá dì, ilẹ̀ ni yóò wọ̀. Lẹ́yìn èyí, a ó pín ilẹ̀ náà sí abala-abala, a ó sì máa lo ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ní ìrọ̀lẹ́ ojoojúmọ́, katapílà yóò tẹ pàǹtírí ọjọ́ náà mọ́lẹ̀, a ó sì fi erùpẹ̀ tí ó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 15 bò ó. Erùpẹ̀ yìí ni kì í jẹ́ kí eṣinṣin bà lé e, kí eku wọ ibẹ̀, kí ọ̀rá máa fò kiri, tàbí kí iná tètè ràn. Nítorí pàǹtírí tí ó bá ń jẹrà nínú ilẹ̀ máa ń mú afẹ́fẹ́ kan jáde tí iná lè ràn mọ́; a ní láti ri páìpù mọ́ ọn kí afẹ́fẹ́ náà lè rí ọ̀nà jáde. Àwọn ará Èkó tí ń gbé nítòsí ààtàn Olúṣosùn ní Òjòta, tí wọ́n ti ń lò láti ọdún 1992, rí ohun tí iná ààtàn lè ṣe ní oṣù kẹta ọdún 2018, nígbà tí èéfín bo àdúgbò wọn.

Ní ilẹ̀ Ìbàràpá, ọ̀rọ̀ omi ni kí a fi ṣáájú. Àpáta ni ó wà lábẹ́ ilẹ̀ wa, bí ẹ ti ń rí i tí ó yọrí síta káàkiri. Omi kànga wa kò jìn púpọ̀ sí òkè. Láti inú ilẹ̀ tí ó bo àpáta àti láti ojú ibi tí àpáta ti sán ni ó ti ń sun. Omi ààtàn lè gba ojú sísán kan náà kọjá. Nítorí náà, kòtò yangí tí àwọn tí ń ṣe ọ̀nà gbẹ́ sílẹ̀, tí ó máa ń wu ènìyàn láti fi ṣe ààtàn nítorí pé ó ti jìn tẹ́lẹ̀, lè jẹ́ ibi tí ó burú jù. Wọ́n ti kó ilẹ̀ tí ì bá sẹ́ omi náà lọ, ìdí rẹ̀ sì ti sún mọ́ àpáta. Àbàtà àti etí odò kò dára bákan náà. Odò wa ń ṣàn lọ sínú odò Ògùn, àwọn ará Abẹ́òkúta sì ń mu níbẹ̀.

Ẹ̀yin ará Ìbàràpá kò ṣe àjèjì sí àrùn tí ń gba inú omi wọ ara. Sòbìà yọ àwọn ará Ìdèrè lẹ́nu fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní àwọn ọdún 1980, àwọn olùkọ́ni ìlera láti Yunifásítì Ìbàdàn wà pẹ̀lú wọn, wọ́n ń kọ́ wọn láti fi aṣọ sẹ́ omi kí wọ́n tó mu ún. Ó ṣòro fún ọ̀pọ̀ láti gbà pé ohun tí ojú kò rí nínú omi ni ó ń di aràn gígùn tí ń yọ lẹ́sẹ̀ wọn. Ṣùgbọ́n wọ́n sẹ́ omi, a gbẹ́ kànga ẹ̀rọ, sòbìà lọ. Ní ọdún 2013 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé fún Nàìjíríà ní ìwé ẹ̀rí pé kò sí sòbìà mọ́ ní ilẹ̀ wa. Omi ààtàn le ju sòbìà lọ ní ọ̀nà kan: aṣọ kò lè sẹ́ ẹ. Bí ẹ bá se omi tí ìgbẹ́ wọ inú rẹ̀ títí tí ó fi hó, kòkòrò àrùn yóò kú. Ṣùgbọ́n májèlé òjé tí ó jáde láti inú bátìrì kì í kú nínú omi gbígbóná, níbẹ̀ ni yóò wà. Òjé a sì máa ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́, kí ìyá tó mọ̀ pé nǹkan ń ṣe é.

Àwọn àrùn tí ó kù ẹ ti mọ̀ wọ́n. Eṣinṣin kúrò lórí ààtàn, ó bà lé ẹ̀kọ ọmọ, ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣu gbuuru. Eku tí ó rí oúnjẹ lórí ààtàn ẹ̀yìnkùlé yóò wọlé wá tọ̀ sórí gàrí tí a kò dé, ibẹ̀ sì ni ibà Lassa ti lè wọlé. Ẹ̀fọn tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ní àmì funfun, tí ń gbé ibà apọ́njú kiri, kì í wá àbàtà lọ. Omi òjò tí ó dúró nínú agolo tàbí táyà ti tó o láti pamọ. Abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà apọ́njú wà fún ọmọ tí ó bá pé oṣù mẹ́sàn-án, ẹ má jẹ́ kí ó fo ọmọ yín.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí a kò lè sọ ní ìlú mìíràn bí a ó ti sọ ọ́ ní Igbó-Ọrà, ìlú ìbejì. Pámpásì ni. Ẹ má bínú sí wa, a mọ̀ pé ìyá ìbejì kò ní ìsinmi, a kò sì ní kí ẹnikẹ́ni máa fi ara rẹ̀ ṣòfò. Ṣùgbọ́n ẹ kà á: bí Táíwò bá lo 5 lójúmọ́, tí Kẹ́hìndé lo 5, ó di 10; ní ọdún kan ó di 3,650, láti inú ilé kan ṣoṣo. Ike wà nínú rẹ̀, kò ní í jẹrà. Ìgbẹ́ wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú, ìgbẹ́ ọmọ ọwọ́ sì ní kòkòrò àrùn gẹ́gẹ́ bí ti àgbà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ nínú wa gbà pé ìgbẹ́ ọmọ kò léwu. Ẹni tí ó bá lè lo ìlédìí aláṣọ nígbà tí ó bá wà nílé, kí ó máa lò ó, kí ó fọ̀ ọ́ pẹ̀lú ọṣẹ, kí ó sì sá a sí oòrùn. Pámpásì wá di ti ìrìn àjò àti ti òru. Èyí tí ẹ bá sì fẹ́ sọ nù, ẹ kọ́kọ́ gbọn ìgbẹ́ inú rẹ̀ sí ṣáláńgá, kí ẹ tó dì í, kí ẹ sì fọ ọwọ́ yín. Ẹ má jù ú sí gọ́tà. Ẹ má jù ú sí ṣáláńgá náà, nítorí yóò kún kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé.

Ní ti ìyókù pàǹtírí ilé, iṣẹ́ tí ó tóbi jù ni kí a yà á sọ́tọ̀ kí ó tó jáde. Ohun tí ó ju ìdajì lọ nínú rẹ̀ jẹ́ èèpo, ewé àti àjẹkù. Bí èyí kò bá dé ààtàn ìjọba, ààtàn tí ì bá kún ní ọdún 10 lè gbà wá fún ọdún 20. Kò sí owó ìjọba kankan tí ó lè ra irú ọdún bẹ́ẹ̀ fún wa ní ẹ̀dínwó. Èèpo ẹ̀gẹ́ tí ó ń kóra jọ síbi tí ẹ ti ń ṣe gàrí àti làfún, ẹ sá a kí ó gbẹ dáadáa, ewúrẹ́ àti àgùntàn yóò jẹ ẹ́. Tútù rẹ̀ ni ó ní májèlé. Ẹ ṣa ọ̀rá kúrò nínú rẹ̀ o, nítorí ọ̀pọ̀ ewúrẹ́ tí a sọ pé ayé ni ó pa á, bí a bá la ikùn rẹ̀, ọ̀rá ni a ó bá níbẹ̀. Ẹni tí ó bá ní àyè lẹ́yìnkùlé, kí ó gbẹ́ kòtò méjì tí ó jìn dé ìbàdí. Kí ó máa da èèpo, ewé àti eérú sí ọ̀kan, kí ó máa fi erùpẹ̀ bò ó, kí ó máa fi ọkọ́ yí i lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá kún, kí ó bọ́ sí èkejì. Láàárín oṣù díẹ̀, ti àkọ́kọ́ yóò ti di ajílẹ̀ dúdú tí ẹ lè lò fún ilá tí ẹ ó já ewé rẹ̀ se ọbẹ̀ ìlasa. Kí kòtò náà jìnnà sí kànga tó 30 mítà, kí kànga sì wà ní apá òkè. Ẹ má da eegun àti ẹja síbẹ̀, eku ni yóò pè wá.

Bátìrì, abẹ́rẹ́ àti àfọ́kù ìgò, ẹ kó wọn sínú agolo kan tí ó ní ìdérí, kí ọwọ́ ọmọ má tó o. Abẹ́rẹ́ ni kí ẹ kó lọ fún nọ́ọ̀sì. Ẹ má sun ọ̀rá, ẹ má sì fi í dáná ìdí ìkòkò. A mọ̀ pé ó máa ń tètè ràn, ṣùgbọ́n májèlé ni èéfín rẹ̀ fún ọmọ tí ó wà lẹ́yìn yín àti fún oyún tí ó wà nínú yín.

Ìwọ̀nyí ni a lè ṣe nílé. Èyí tí kò sí ní ìkáwọ́ ilé kan, ìjọba ìbílẹ̀ ni ó ni ín. Ìwé òfin orílẹ̀-èdè wa ti ọdún 1999, nínú Àfikún rẹ̀ Kẹrin, ka kíkó pàǹtírí àti dídà á nù mọ́ iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. Ẹ kò tọrọ àánú bí ẹ bá béèrè. Ní ìpàdé àdúgbò tàbí ti ẹgbẹ́ ìyálọ́jà ní ọjà Tówóbówó, ẹ ké sí wolé-wolé àti kánsílọ̀ yín, kí ẹ bi wọ́n pé: ọdún mélòó ni ó kù kí ibi tí a ń da pàǹtírí sí tó kún? Ta ni ó ń kà á? Ibo ni èyí tí ó kàn wà, ǹjẹ́ a ti yẹ omi abẹ́ rẹ̀ wò, ǹjẹ́ a sì ti kọ ọ́ sínú ìwé pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ta ilẹ̀ tí ó yí i ká fún ilé? Ní ojú tiwa, ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí ó wà ní Ìbàràpá, láti Èrúwà dé Igbó-Ọrà dé Ayétẹ̀, lè da owó wọn pọ̀ ṣe ààtàn kan tí ó dára, ju kí ọ̀kọ̀ọ̀kan máa ṣe èyí tí kò ní ìdí.

Kí wọ́n má sì sọ fún yín pé ó di ìgbà tí èyí tí a ń lò bá kún. Láti wá ilẹ̀, kí a bá àwọn mọ́gàjí tí ó ni ín sọ̀rọ̀, kí a gbẹ́ ẹ wò láti mọ ibi tí omi àti àpáta wà, kí a sì tẹ́ amọ̀ sí ìdí rẹ̀, ó máa ń gba ọ̀pọ̀ ọdún. Ìgbà tí ààtàn bá kún dé ìdajì ni kí wíwá òmíràn ti bẹ̀rẹ̀.